Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ẹ bá wa ka òdòdó etí odò Ọ̀ṣun

Ọ̀gá wa, Kọmíṣọ́nnà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lórí tábìlì yín pọ̀: ọ̀rọ̀ pàǹtírí, ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa góòlù tí omi odò wa fi ń pọ́n bí ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni èmi gbé wá ní tèmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tìtorí pé òdòdó ni kí ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹlẹ́wé ọmọ ni ìyá tó bí mi. Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí ló pàtẹ sí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàyọ́lọ́jì. Abẹ́ àtẹ ìyá mi ni mo ti mọ ewé kí n tó mọ ìwé. Títí di òní, bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, tí wọ́n gbé rinrin, ẹfinrin, ewúro àti imí eṣú sí mi nímú, màá dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lára ohun tí ìyá mi ń tà ni ìdí òdòdó kan tó dà bí àlùbọ́sà ńlá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò ni a ń pè é nílé wa. Àwọn onímọ̀ ka òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ sí ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Crinum. Wọ́n máa ń rà á fún ikọ́, àti fún ẹni tí èémí ń há. Àwọn tó ń rà á pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ti rí i nígbà tó tanná. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀pá kan á ta láàárín àwọn ewé gbọọrọ-gbọọrọ yẹn, òdòdó funfun á yọ lórí rẹ̀ bíi ife tí wọ́n to pọ̀, wọ́n á tẹ orí kọ́ díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni òórùn rẹ̀ máa ń jáde. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti odò nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, imú yín á kọ́kọ́ rí i kí ojú tó rí i. Èso rẹ̀ kì í le bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Ó rọ̀, ó tutù, ó rí kókó bí kùkùǹdùkú kékeré. Mo gbé ọ̀kan sórí fèrèsé nígbà kan, n kò fún un lérùpẹ̀, n kò bu omi sí i. Kò pẹ́ tó fi ya ẹnu, tí gbòǹgbò funfun kan yọ jáde, ó ń wá ilẹ̀ kiri lórí símẹ́ńtì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àti ìyá mi jọ máa ń lọ wà á. Òfin ìyá mi méjì péré ni. Èkíní, tí ẹ bá bá márùn-ún níbì kan, ẹ wa méjì, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀. Èkejì, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó bá ru òdòdó. "Aboyún nìyẹn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí òfin yìí fi ṣe pàtàkì, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá já ewé ewúro, ewúro á tún rú. Ẹni tó bá bó èèpo igi díẹ̀, igi lè má kú. Ṣùgbọ́n ìdí ni oògùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò, ìdí náà sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó bá wà á ti pa á. Kò sí pé ó máa hù padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olówò ńlá dé. Wọn kì í ṣe ará Òṣogbo, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wá, àpò ni wọ́n fi ń kó o. Àwọn ọmọdékùnrin etí odò ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, iye ìdí tí ọmọ bá wà ni owó rẹ̀. Ta ni yóò fi mẹ́ta sílẹ̀ nínú irú òwò bẹ́ẹ̀? N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, owó ìwé ni ẹlòmíràn nínú wọn ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni katapílà wá fẹ etí odò níbi tí àwa ti máa ń wà á, kí omíyalé má baà wọlé àwọn èèyàn mọ́. Mo mọ bí omíyalé ṣe rí. Ó ti gbé àtẹ ìyá mi lọ rí. N kò lè dìde kí n sọ pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́ náà. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó wo ilẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gun orí rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni à bá fi hú àwọn ìdí náà, kí a kó wọn lọ gbìn síbòmíràn.

Ní òjò tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀. A rìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìdí mẹ́fà la rí, ọ̀kan ló sì tanná. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé òun nìkan ló kù?" N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn. Mo ya fọ́tò, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi wò ó, ó ní, "Madam, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín ní gbangba nìyí.

Kí n má parọ́ fún yín: ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò kò mọ sí Òṣogbo. Ó wà láwọn ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bó bá tán lọ́dọ̀ wa, kò tíì tán láyé. Àmọ́ òun ló là mí lójú. Mo mọ̀ pé ó ń tán nítorí pé ó ní orúkọ, àwọn èèyàn sì ń bèèrè rẹ̀ lọ́jà. Èyí tí kò lórúkọ, tí a kì í fi se àgbo, tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè, ta ni yóò mọ̀ ọ́n bó bá lọ? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fẹ́ gba Igbó Ọ̀ṣun, igbó òrìṣà etí odò wa, wọlé sínú àkójọ ohun àjogúnbá ayé pé irú ewéko tó wà nínú igbó náà lé ní 400, pé èyí tó lé ní 200 nínú wọn jẹ́ oògùn. Ẹlẹ́wé ń ṣọ́ àwọn oògùn náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣọ́ wọn. Ìyókù kò lólùṣọ́. Àwọn òdòdó kéékèèké tó ń hù nínú ìyanrìn etí omi, àwọn tó ń gbé lórí ẹ̀ka igi láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yọjú ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́dún kan.

Àjọ àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ IUCN, láti 1948 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àkójọ wọn tí wọ́n ń pè ní Red List ni ayé fi ń mọ ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu. Wọn kì í fojú díwọ̀n, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. Bí ewéko kan bá ku èyí tí kò pé 50 tó ti dàgbà tó láti so èso, ipò tó burú jù ló wà, ó kù díẹ̀ kó pòórá nínú igbó nìyẹn. Bí kò bá pé 250, ó wà nínú ewu ńlá. Wọ́n tún ń wo bí ilẹ̀ tó ń gbé ṣe fẹ̀ tó. Ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 10, tí ilẹ̀ náà sì ń bàjẹ́ sí i, tí kò sí níbòmíràn ju ojú kan ṣoṣo lọ, inú ipò tó burú jù yẹn ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ wá wo Igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni, kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Ilẹ̀ ààbò tó yí i ká jẹ́ hẹ́kítà 47. Bí ewéko kan bá wà tó jẹ́ pé inú ibẹ̀ nìkan ló kù sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ń bàjẹ́ sí i, ọjọ́ tí a bá mọ̀ ọ́n náà ni yóò bọ́ sí ipò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kà, a kò lè ní ó sọnù.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Ní Òkè Ìdànrè, nílé àwọn ará Oǹdó níbí, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. Àwọn onímọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1963, ó wá di àwátì fún bí àádọ́ta ọdún kí àwọn olùwádìí wa tó tún rí i ní 2013, lórí òkè yẹn kan náà. Ẹyẹ kan sì ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni gbogbo ilé rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyẹ bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wá dí òdòdó lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdòdó kan tó wà lọ́nà jíjìn, nítorí pé etí odò ni òun náà ń gbé. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní St. John, ó gba ìpínlẹ̀ Maine kọjá wọ New Brunswick ní Kánádà. Ní 1880, obìnrin kan tó máa ń ya àwòrán ewéko, Kate Furbish, rí òdòdó kan létí odò náà tí kò rí irú rẹ̀ rí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Pedicularis furbishiae. Etí odò yẹn nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Nígbà tó yá, wọn kò rí i mọ́, wọ́n ní ó ti pòórá. Afi ìgbà tí ìjọba fẹ́ mọ ìsédò ńlá kan sórí odò náà, tí wọ́n rán onímọ̀ ewéko lọ wo ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. 1976 nìyẹn. Ó bá òdòdó náà níbẹ̀, ó ń tanná jẹ́jẹ́ tirẹ̀ níbi tí omi ìsédò ì bá bò mọ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ti ṣòfin ní 1973 tó kan irú ọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tó di 1978, wọ́n ka òdòdó náà mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Wọn kò mọ ìsédò náà mọ́ títí dòní. Kì í ṣe òdòdó nìkan ló fà á, owó àti àríyànjiyàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó náà wà lára rẹ̀. Wọ́n ń kà á láti ìgbà dé ìgbà. Ní 2023, ìjọba yí ipò rẹ̀ padà, wọ́n ní ewu tó wà lórí rẹ̀ ti dín kù, àmọ́ kò tíì kúrò pátápátá.

Ohun méjì nípa rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́ ni pé ó ní ìwà àfòmọ́ díẹ̀ nínú. Òun fúnra rẹ̀ ní ewé tútù, ó ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọ gbòǹgbò ewéko tó wà nítòsí láti fa oúnjẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá hú u nìkan lọ sínú ọgbà, tí kò mú aládùúgbò rẹ̀ dání, asán ló ṣe. Ìkejì ni pé ó nílò kí odò bá a jà. Yìnyín àti àkúnya odò á máa ya etí ilẹ̀ lọ lọ́dún díẹ̀ díẹ̀, igi ńlá kò ní ráyè dàgbà bò ó mọ́lẹ̀. Tí odò bá dákẹ́ jù, igi á ṣíji bò ó, á kú. Tí odò bá jà jù, á gbé e lọ. Àárín méjèèjì ló ń gbé. Nígbà tí mo kà á, etí odò Ọ̀ṣun ni mo rántí. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo òdòdó etí omi, odò náà gan-an ló máa dáàbò bò: bí omi ṣe ń kún, bó ṣe ń fà, ohun tí wọ́n ń dà sí i láti òkè. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èèyàn má mu omi Ọ̀ṣun. Àwa gbọ́ ìkìlọ̀, a gbé omi inú ọ̀rá dání lọ sí odò. Ewéko tó fi gbòǹgbò mu ún kò lè gbé e tì.

Ọ̀gá wa, ìlú tí kò mọ iyì igbó kọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé nígbà tí Tìmẹ́hìn àti Láròóyè tẹ̀dó sétí odò, wọ́n gé igi kan, igi náà wó lu omi, wọ́n sì gbọ́ ohùn láti inú odò pé, "Ẹ̀yin oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Níbẹ̀ la ti rí orúkọ, Òṣogbo. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ̀sùn ni orúkọ ìlú wa. Ẹnì kan gé igi láìwo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín sì pariwo. Aró tí a sì fi ń ki ìlú yìí, ara ewé èlú la ti ń rí i.

Nígbà tí igbó náà fẹ́ parẹ́ lójú wa, tí wọ́n ń gé igi rẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ pín ilẹ̀ rẹ̀ tà, obìnrin kan láti Ọ́stríà, Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bá àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú dìde. Wọ́n fi ère àti ògiri sọ ọ́ di ibi tí èèyàn kò lè ṣàdédé gbé àáké wọ̀. Ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO gbà á ní 2005, Àdùnní sì papòdà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009. Ère tó wà níbẹ̀, a mọ iye rẹ̀, a mọ èyí tó sán, a mọ èyí tí wọ́n ń tún ṣe. Mo fẹ́ kí a mọ òdòdó ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kí ẹ kà wọ́n. Kí ẹ fi ọdún kan gbáko kà wọ́n, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Ọ̀pẹ kò ní rí èyí tó ń tanná ní oṣù Òkúdù. Kí ẹ kà wọ́n nínú Igbó Ọ̀ṣun, kí ẹ kà wọ́n lórí ilẹ̀ ààbò tó yí i ká, kí ẹ sì bá odò lọ sókè. Ẹ kò ní wá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ síbi tó jìn. Ilé ìkó-ewéko-pamọ́ ńlá wà ní ọgbà àwọn onímọ̀ igbó ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa wà nínú ìlú yìí. Igbó náà wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì yín lè kó gbogbo wọn jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn oníwèé nìkan. Ẹ pe àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ pe àwọn ọdẹ, ẹ pe àwọn olórìṣà tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Ìyá mi kò mọ Látìn, àmọ́ bí ẹ bá mú ewé lọ bá a, á sọ ibi tó máa ń hù, á sọ oṣù tó ń tanná, á sọ ìgbà tó rí i gbẹ̀yìn. Ìgbà tó rí i gbẹ̀yìn yẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Kí orúkọ tí ẹ bá kọ sílẹ̀ wà ní Yorùbá pẹ̀lú. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí èyí tí kò lórúkọ bá wà, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ ọ́ lórúkọ níṣojú gbogbo ìlú, nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, tí èrò bá pé. Mo rò pé Ọ̀ṣun á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi pamọ́. Bí ẹ bá rí èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ kéde pé ó wà, ẹ kéde ipò tó wà, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ojú ibi tó wà gan-an sí ìta. Àwọn tó ń fi àpò wá mọ̀wé kà.

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò, òfin ìyá mi tó: a kì í wa aboyún, a kì í kó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ lè sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀ fún gbogbo ohun tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ la ń wà. Kó má sì jẹ́ kí oúnjẹ kúrò lẹ́nu àwọn ẹlẹ́wé, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ létí omi tí wọ́n lè máa gbìn ín sí. Kò le láti gbìn. Èyí tí mo gbé sórí fèrèsé lọ́jọ́sí ti di mẹ́ta báyìí, inú garawa tó ti fọ́ ni mo gbìn wọ́n sí lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń bomi rin wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ta ọ̀pá.

Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí a gbé wọn wá fún wa. Àwa fúnra wa ni yóò rù wọ́n.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Olùkọ́ kan, ọmọ ẹlẹ́wé ọmọ,
Òṣogbo.